Ìwé Kì í Bí Ẹ̀tọ́: Ìní Ilẹ̀ àti Gbígbé Rẹ̀ fún Ẹlòmíràn Níwájú Òfin àti Níwájú Ọlọ́hun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ó ti máa ń dé iwájú àwọn àlùfáà àti àwọn adájọ́ wa. Ọkùnrin kan ra ilẹ̀, ó san owó rẹ̀ pé, wọ́n fún un ní rìsíìtì, wọ́n sì mú un dé orí ilẹ̀ náà lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Kò tíì ní owó tí yóò fi kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kò lépa ìwé ìjọba. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ilẹ̀ gbówó lórí, ẹni tí ó tà á fún un sì tún ta ilẹ̀ kan náà fún ọkùnrin kejì. Ẹni kejì yìí mọ ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba. Kò pẹ́ rárá tí ó fi gba ìwé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí sí-ọ́fù-ó. Ta ni ó ni ilẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Bí a bá bi àwọn ènìyàn ní ìgboro, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé ẹni tí ó ni ìwé ni ó ni ilẹ̀. Ìdáhùn yìí ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń kírun wákàtí márààrún pàápàá fi ń sinmi lé e, tí ọkàn wọn kò sì dá wọn lẹ́bi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìdáhùn náà gan-an. Ǹjẹ́ ìwé ni ó ń sọ ènìyàn di onílẹ̀, àbí ẹlẹ́rìí lásán ni ìwé jẹ́ lórí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ni ojúṣe ẹni tí ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹlẹ́rìí òun ń purọ́? Èrò wa ni pé ìwé kì í bí ẹ̀tọ́. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ fún un. A ó sì fi hàn pé ìdí kan náà yìí ni ó sọ ṣíṣe ìwé di ojúṣe lórí Mùsùlùmí tí ó bá rà tàbí tí ó bá tà.

Kí ni ìní jẹ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí Àlùkùránì fi kọ́ wa nípa ilẹ̀ ni pé Ọlọ́hun ni ó ni ín. Nínú Sūratul-Hadīd, āyà 7, Ó pàṣẹ kí á ná nínú ohun tí Ó fi wá ṣe àrólé lé lórí. Ipò àrólé ni ọmọnìyàn wà. Kì í ṣe ẹni tí kò ní jíhìn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń pè ní ìní láàrin ara wa kò ju ẹ̀tọ́ tí Ọba tí ó ni ilẹ̀ yọ̀ǹda fún ẹnì kan lọ, pé kí ó lo nǹkan náà, kí ó sì lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fiqh pín níní sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni níní ara ohun fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní raqaba. Èkejì ni níní àǹfààní rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní manfaʿa. Onílé ni ó ni ara ilé. Ayálégbé ní àǹfààní rẹ̀ títí ọjọ́ àdéhùn yóò fi pé. Wọ́n sì ka àwọn ọ̀nà tí ilẹ̀ fi ń di ti ènìyàn: jíjí ilẹ̀ òkú, ríra, ẹ̀bùn, ogún, àsọọ́lẹ̀ ẹni tí ó kú, àti ohun tí aláṣẹ bá fi tọrẹ nínú ilẹ̀ tí kò ní olówó. Nípa jíjí ilẹ̀ òkú, Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá sọ ilẹ̀ òkú di ààyè ni ó ni ín. Imām Mālik sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ jí èyí tí ó súnmọ́ ìlú gba ìyọ̀ǹda aláṣẹ, nítorí pé ìjà kì í jìnnà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Abdullahi ọmọ Fodio, arákùnrin Shehu Usman, kọ odidi ìwé kan tí ó pè ní *Taʿlīm al-Rādī*, lórí àwọn ohun tí ń mú kí ilẹ̀ òkú di ti ẹnì kan. Ó kọ ọ́ nítorí pé ìjọba tuntun ti dé ní ilẹ̀ Hausa, àwọn ènìyàn sì nílò láti mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí kí ni. Bí a bá wo gbogbo àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kà sílẹ̀ wọ̀nyí, a ó rí i pé iṣẹ́, ìfẹ́-inú, ìbátan àti àṣẹ ni ìpìlẹ̀ wọn. Kò sí èyí tí ń jẹ́ ìwé nínú wọn.

Ilẹ̀ lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà

Kí ọdún 1978 tó dé, ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe ètò ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní Àríwá, ìjọba amúnisìn fi òfin ọdún 1910 kó ilẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà; òfin ọdún 1962 ti Ẹkùn Àríwá sì tẹ̀lé ipasẹ̀ kan náà. Ní Gúúsù, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú. Olórí ẹbí kò lè dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí. Nínú ẹjọ́ tí Olóyè Olúwa ti Èkó gbé dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba ní London, tí wọ́n dá ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà gbà pé ìní àjọni yìí jẹ́ ẹ̀tọ́ tòótọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bìínú lé lórí bí ó bá gba ilẹ̀.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí ó kù fún ará ìlú ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀ àti láti lò ó. Abala 22 sọ pé ẹni tí ó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ nípa títà tàbí nípa fífi dógò, láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Abala 26 sì sọ pé ohunkóhun tí a bá ṣe ní ìlòdì sí òfin náà kò ní ipá kankan. Àbò tí Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi bo òfin yìí mú kí ó nira láti yí i padà.

Ẹni tí ó bá fi ojú fiqh wo ètò yìí yóò rí i pé ó jọ níní àǹfààní ju níní ara ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe tìtorí èyí sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà mọ́. Àǹfààní pàápàá jẹ́ dúkìá ní mazhabu Mālik. A lè tà á, a lè jogún rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi ipá gbà á jẹ́ afipágbà.

Ibi tí ó yẹ kí á tẹjú mọ́ ni ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa fúnra wọn sọ nípa ìwé. Ní ọdún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀, ìwé, ìwà onílẹ̀ tí ó ti ń hù lórí rẹ̀, ìdìmú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti ìdìmú ilẹ̀ tí ó pààlà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni ìwé nínú márùn-ún. Ní ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ kan náà tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sí-ọ́fù-ó jẹ́ ẹ̀rí àkọ́wò lásán. Bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ẹ̀tọ́ òun ti wà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé náà, ìwé náà yóò wó lulẹ̀. Òfin ayé pàápàá kò sọ pé ìwé ni ó ń bí ẹ̀tọ́. Àwa ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa, nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà wo ni ìní máa ń kọjá?

Ní mazhabu Mālik, bí ẹni tí ó ni nǹkan bá sọ pé òun tà, tí ẹni tí ń rà sì gbà, tí ohun náà àti iye owó rẹ̀ sì yé àwọn méjèèjì, ìní ti kọjá. Ní ti ilẹ̀, bí òǹtà bá ti yọwọ́yọsẹ̀ kúrò, tí ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á, ìgbàsọ́wọ́ ti pé. Àṣà wa náà kò jìnnà sí èyí: owó, ẹlẹ́rìí, àti mímú olùrà dé orí ilẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú ìwé Hadíìsì tí Abū Dāwūd kó jọ, tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ànábì ra ẹṣin lọ́wọ́ lárúbáwá oko kan, ó sì ní kí ó tẹ̀ lé òun kí ó wá gba owó rẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé wọ́n ti tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹṣin náà. Lárúbáwá yìí bá yí ohùn padà. Ó ní òun kò tíì tà á, ó sì ní kí Ànábì mú ẹlẹ́rìí wá. Khuzayma ọmọ Thābit ni ó dìde tí ó jẹ́rìí, nítorí pé ó ti gbà pé Ànábì kì í purọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹṣin náà ti di ti Ànábì láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bára mu. Àìsí ẹlẹ́rìí kò sọ ọ́ di ti lárúbáwá padà. Èkejì, bí a bá lè sẹ́ Ànábì Ọlọ́hun nítorí pé owó tuntun yọjú, ta ni a kò lè sẹ́? Ohun tí ó mú lárúbáwá náà yí padà ni ohun tí ó ń mú àwọn òǹtàlẹ̀ yí padà lónìí: ọjà gbówó lórí lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké.

Ẹni tí ó ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì

Nínú Hadíìsì tí Samura ọmọ Jundub gbà wá, Ànábì dájọ́ pé bí ẹnì kan bá ta ohun kan fún ènìyàn méjì, ẹni àkọ́kọ́ ni ó ni ín. Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Nígbà tí òǹtà dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti di ẹni tí ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fudūlī. Títà fudūlī kò lè múlẹ̀ ní mazhabu Mālik àfi bí olóhun bá fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó bá ọmọ ẹbí tí ó dá ilẹ̀ ogún tà láìsọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn obìnrin inú ilé. Ìpín wọn tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pín nínú Sūratun-Nisā’ kò bá ìpín tirẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ òǹtà yìí kò le. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó yẹ kí á ronú lé lórí ni olùrà kejì. Bí ó bá ti mọ̀ nípa ti àkọ́kọ́ kí ó tó san owó, alábàáṣe ni ó jẹ́ nínú ìfipágbà. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ ńkọ́? Ó ṣe ìwádìí, ó wo ìwé, ó san owó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ó sì kọ́lé. Àwọn onímọ̀ Mālikī kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí olè. Wọ́n ní bí ẹni tí ó rà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ ní ojú ara rẹ̀ bá ti kọ́lé kí onílẹ̀ tòótọ́ tó yọ, onílẹ̀ yóò san iye tí ilé náà tó ní ìdúró rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹni tí ó kọ́lé yóò san iye ilẹ̀. Bí òun náà bá kọ̀, àwọn méjèèjì yóò di alájọni, oníkálukú ní ìwọ̀n ohun tí ó ní níbẹ̀. Ti afipágbà kò rí bẹ́ẹ̀: onílẹ̀ lè pa á láṣẹ pé kí ó wó ilé rẹ̀ kúrò. A rí i pé ṣàríà fi ìyàtọ̀ sí àárín ẹni tí a tàn jẹ àti ẹni tí ó fi ojú rere ra ibi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá ti hàn sí ẹni tí a tàn jẹ, àìmọ̀ kò lè jẹ́ àwáwí fún un mọ́. Bí ó bá ta kú láti ọjọ́ náà lọ, ó ti yan ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ wà.

Ìdájọ́ tí kò sọ harāmù di halālì

Ẹnì kan lè sọ pé, “Mo lọ sí kóòtù, adájọ́ sì dá mi láre. Kí ló tún kù?” Umm Salama, ìyàwó Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ni ó gba èsì rẹ̀ wá fún wa. Ànábì sọ fún àwọn tí ń ṣẹjọ́ níwájú rẹ̀ pé ènìyàn ni òun, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ẹnì kan dùn ju ti èkejì lọ, kí òun sì dájọ́ gẹ́gẹ́ bí òun ti gbọ́. Ẹni tí òun bá gé lára ẹ̀tọ́ ọmọ-ìyá rẹ̀ fún, kí ó má ṣe gbà á, nítorí pé ègé iná ni òun gé fún un. Bí ìdájọ́ Ànábì kò bá lè sọ ohun ẹlòmíràn di halālì fún wa, ìdájọ́ adájọ́ wo ni yóò ṣe é?

A mọ̀ pé Imām Abū Hanīfa ní ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ díẹ̀ nínú èyí. Ó gbà pé nínú àwọn àdéhùn àti títú àdéhùn ká, ìdájọ́ lè múlẹ̀ ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀, bí adájọ́ kò bá mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ń purọ́. Ṣùgbọ́n òun náà yọ ẹni tí ó kàn sọ pé òun ni òun ni nǹkan láìsọ ọ̀nà tí ó gbà di tirẹ̀. Níbẹ̀, òun àti àwọn tí ó kù jọ sọ ohun kan náà: ìdájọ́ yóò múlẹ̀ ní gbangba nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ìwé tí ó gba nípa èké, tí ó wí pé ilẹ̀ yìí tèmi ni, kò lè rí ibi sá sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn imām wa.

Nínú gbígbà Abū Dāwūd, àwọn ọkùnrin méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jà sí ogún àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní ẹ̀rí lé lórí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, àwọn méjèèjì bú sí ẹkún, oníkálukú sì ní òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀ fún èkejì. Ànábì ní kí wọ́n pín in, kí wọ́n wá òtítọ́ níbẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí wọ́n sì yọ̀ǹda fún ara wọn. Bákan náà ni Saʿīd ọmọ Zayd ṣe nígbà tí obìnrin kan fẹ̀sùn kàn án níwájú Marwān, gómìnà Màdíínà, pé ó gba lára ilẹ̀ òun. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí òun ti gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ẹni tí ó bá gba ìbú ìka ọwọ́ kan nínú ilẹ̀ ẹlòmíràn, ìpele ilẹ̀ méje ni wọn yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ Àjíǹde? Ó sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Òun tí ó jàre ni ó bẹ̀rù jù.

Ẹni tí ó fi àìpé ìwé sá fún àdéhùn

Ẹ̀yà kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ti ìtalẹ̀-lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1989, ẹjọ́ kan láàrin Savannah Bank àti oníbàárà rẹ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Wọ́n ti fi ilé dógò fún ilé-ìfowópamọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìfọwọ́sí gómìnà. Nígbà tí ilé-ìfowópamọ́ fẹ́ ta ilé náà, ẹni tí ó fi í dógò ní ìdógò náà kò ní ipá, nítorí pé kò sí ìfọwọ́sí. Ilé-ẹjọ́ gbà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúṣe ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ni láti tọrọ ìfọwọ́sí ọ̀hún. Àwọn adájọ́ kò fi ìnira tí òfin náà ń mú wá pamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí òfin ti rí nìyẹn.

A fi ọ̀rọ̀ èlé tí ó wà nínú irú owó-yíyá bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ìdájọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó kàn wá ni ìbéèrè yìí: bí òǹtàlẹ̀ bá gba owó, tí ó kọ̀ láti tọrọ ìfọwọ́sí tí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀, tí ó sì wá sọ pé títà kò tíì wáyé, kí ni ipò rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun? Àwọn onímọ̀ wa ti fi ìyàtọ̀ sí kí àdéhùn so, tí wọ́n ń pè ní inʿiqād, àti kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní nafādh. Ní èrò tiwa, ìfọwọ́sí gómìnà jẹ́ májẹ̀mú fún èkejì, kì í ṣe fún èkíní. Àdéhùn ti so láàrin àwọn méjèèjì. Ó ń dúró de ìfọwọ́sí aláṣẹ ni, gẹ́gẹ́ bí títà fudūlī ti ń dúró de ti olóhun. Ní ọdún 1995, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ súnmọ́ ibí yìí nígbà tí ó sọ pé òfin kò dí ènìyàn lọ́wọ́ láti wọ àdéhùn kí ìfọwọ́sí tó dé. Nítorí náà, àṣẹ tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mā’ida, pé kí á mú àdéhùn ṣẹ, ti gbé òǹtà náà dè. Ó di dandan fún un láti tọrọ ìfọwọ́sí náà. Bí aláṣẹ bá kọ̀, kí ó dá owó padà. Ẹni tí ó bá di owó mú, tí ó tún di ilẹ̀ mú, ti wọ inú ìkìlọ̀ Sūratun-Nisā’, āyà 29, pé kí á má ṣe jẹ dúkìá ara wa ní ọ̀nà èké.

Ǹjẹ́ a ti sọ ìwé di yẹpẹrẹ bí?

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ wa yóò mú kí àwọn ènìyàn kẹ̀yìn sí ìwé àti sí òfin ìlú. Àtakò yìí lágbára, nítorí pé bí oníkálukú bá ń sọ pé Ọlọ́hun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ìjà kò ní tán láéláé. Adájọ́ kò rí ọkàn; ohun tí ó rí ni ẹ̀rí.

Ìdáhùn wa ni pé nítorí adájọ́ kò rí ọkàn ni Ọlọ́hun ṣe pàṣẹ ìwé. Āyà tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, Sūratul-Baqara 282, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí nígbà títà ni ó dá lé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka àṣẹ náà sí ohun tí ó dára láti ṣe. Ibn Hazm kà á sí ọ̀ranyàn. Ní ti ilẹ̀ ní ayé òde òní, a kò rí bí a ṣe lè sọ pé kì í ṣe ojúṣe. Ẹni tí ó rà tí kò ṣe ìwé ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún èké láti wọlé, bí òun bá sì kú, àwọn ọmọ òrukàn rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó tà tí ó sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí ìwé ti ń dalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdìmú fún ìgbà pípẹ́. *Risāla* ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí a ń kọ́ ní ilé-kéwú káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sọ pé bí ẹnì kan bá di ilé mú fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tí ó sọ pé òun ni ín wà nítòsí, tí ó mọ̀, tí kò sì sọ nǹkan kan, a kò ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Àárín ìbátan ni irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ti ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ Ibn Rushd àgbà, tí ó kú ní ọdún 1126, ṣàlàyé pé ìdìmú kì í gbé ìní kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Àmì ìní ni ó jẹ́. Ìpò kan náà ni ìwé wà. Òfin nílò àmì, ó sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé àmì ọwọ́ òun kò tọ́ka sí òtítọ́, àmì náà kò lè ràn án lọ́wọ́ níbi tí a kì í ti í béèrè àmì.

Ilẹ̀ mọ́sáláṣí

Ó kù síbì kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa alálùfáà gan-an. Àwa ni a ń pè láti ṣe ẹlẹ́rìí títà. Àwa ni a ń ṣe àdúà sí ìpìlẹ̀ ilé. Àwa ni ọlọ́rọ̀ ń fi ilẹ̀ ta lọ́rẹ fún mọ́sáláṣí. Ìgbà mélòó ni a ń béèrè ju pé ìwé dà lọ? Àwọn onímọ̀ mazhabu mẹ́ta gbà pé ìrun orí ilẹ̀ tí a fi ipá gbà yóò dà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ lọ́dọ̀ àwọn Hanbalī ni pé kò dà rárá. Nígbà tí Ànábì dé Màdíínà, ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí sí jẹ́ ti àwọn ọmọ òrukàn méjì. Gẹ́gẹ́ bí Bukhārī ti gbà á wá, wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ta á lọ́rẹ, ó sì kọ̀ títí ó fi rà á lọ́wọ́ wọn. Ilé Ọlọ́hun ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó fẹ́ kọ́ ọ, àwọn olóhun sì yọ̀ǹda rẹ̀. Síbẹ̀ ó fẹ́ kí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà hàn gbangba kí ẹnikẹ́ni tó fi orí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìní ilẹ̀ ń kọjá nípa ìyọ̀ǹda olóhun àti àdéhùn tí ó mọ́. Pé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ka ìwé sí ẹ̀rí. Àti pé àìpé ìwé kò tú àdéhùn ká níwájú Ọlọ́hun. Nípa ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Ẹni kejì ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀ lọ́wọ́ òǹtà, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí iye ilé rẹ̀ bí ó bá kọ́ ọ láìmọ̀. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni pé kí ó mọ̀, kí ó sì máa fi ìwé bo ojú ara rẹ̀.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ àwọn onímọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kí á máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun méjèèjì pa pọ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gba ìfọwọ́sí tí òfin béèrè, kí wọ́n sì mọ̀ pé ìwé tí ó mọ́ jùlọ kò lè tayọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Bí kò bá sì lé e bá ní ayé yìí, ilẹ̀ tí a jà sí ni a ó sin oníkálukú sí, láìsí sọ́féè, láìsí sí-ọ́fù-ó.

Kí Ọlọ́hun fi ohun tí ó jẹ́ tiwa tẹ́ wa lọ́rùn. Ọlọ́hun ni Onímímọ̀ jùlọ.